Dá káàdì àbúrò rẹ padà fún un

Ẹni tó kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ yìí ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, níbí ní Abẹ́òkúta. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń gbé ní abúlé kan lójú ọ̀nà Ọdẹ́dá. Gàrí ló ń yan, ọkọ rẹ̀ ń gba iṣẹ́ oko ṣe, ọmọ mẹ́rin ló wà nílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wọ inú ìwé àwọn tí ìjọba ń fún lówó. Nítorí pé kò sí báńkì lábúlé wọn, ẹ̀gbọ́n ló bá a ṣí àkáǹtì ní ìgboro. Fóònù ẹ̀gbọ́n ni álẹ́ẹ̀tì ń wọ̀, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n náà ni káàdì wà. Nígbà tí ₦25,000 àkọ́kọ́ wọlé, ó gbé e fún àbúrò rẹ̀ pátápátá. Ìyẹn fi ₦11,000 san gbèsè tó jẹ alágbàtà gàrí, ó ra àgbébọ̀ adìyẹ méjì, ó fún ìyá ọkọ rẹ̀ ní ₦3,000, ó sì fi ìyókù se ìrẹsì àti ẹran fún àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Inú bí ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kejì wọlé, kò sọ. Òun fúnra rẹ̀ fẹ́ fi ra ohun tó máa “ṣe àbúrò láǹfààní”. Àbúrò gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn pé owó ti wọlé, ìjà dé, kò gbé fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. “Mama, ṣé mo ṣẹ̀ ni?”

Ọmọ mi, mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kejì ni mo tó rí i pé ẹ̀rù ló ń bà ọ́. O ń bẹ̀rù pé owó á tán, ìṣẹ́ á sì wà níbẹ̀. Ẹ̀rù náà kò burú, ibi tó gbé ọ dé ló burú. Owó wọlé lórúkọ ọmọ ìyá rẹ, o gbé e pamọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, o ṣẹ̀. Pè é lónìí, sọ ọjọ́ tí owó wọlé fún un, kí o sì bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n tó ṣẹ̀ tó bẹ àbúrò rẹ̀ kò di ọmọdé.

Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ kéde owó yìí: ₦25,000 lẹ́ẹ̀mẹta fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ìdílé mílíọ̀nù 15. Báńkì Àgbáyé ló yá Nàìjíríà ní mílíọ̀nù 800 dọ́là tí wọ́n fẹ́ fi ṣe é. Wọ́n béèrè NIN, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹni tó ni orúkọ ló ń gba owó. Wọn kò ní kí ó mú rìsíìtì wá. Wọn kò ní kó jẹ́ owó ilé ìwé tàbí owó ajílẹ̀. Bí ẹni tó gbé owó sílẹ̀ kò bá béèrè ohun tí àbúrò rẹ fi ṣe, ta ló fi ọ́ jẹ akápò?

Jẹ́ ká wo ohun tó fi owó ṣe, torí o kọ ọ́ bí ẹni ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn.

O kọ ọ̀rọ̀ gbèsè kọjá wéré, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìwọ náà ń tajà, o mọ̀ pé obìnrin tó bá jẹ ẹni tó ń ra ọjà rẹ̀ lówó kì í dá iye lé ọjà. Yóò họ ẹ̀gẹ́, yóò gbé e lọ sí ìdí ẹ̀rọ, yóò fún un, yóò jọ̀ ọ́, èéfín á fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ lójú nídìí agbada. Alágbàtà á wá wọn gàrí ní iye tó wù ú, á yọ gbèsè rẹ̀ tòun tèlé, á ju ìyókù sílẹ̀. Bí gàrí bá gbówó lórí ní Láfẹnwá, kò kan àbúrò rẹ. Lọ́jọ́ tó san ₦11,000 yẹn, ó gba ẹnu rẹ̀ padà. Ó lè sọ báyìí pé “mi ò tà níye yẹn,” kó di àpò rẹ̀ kó sì wọ mọ́tò wá sí ìgboro. Kò sí ohun tí ìwọ ìbá rà fún un tó máa ṣe é lóore tó bẹ́ẹ̀.

₦3,000 tó fún ìyá ọkọ rẹ̀ ló dùn ọ́ jù. Ta ló ń gbọ́ tàwọn ọmọ mẹ́rin yẹn nígbà tí ìyá wọn bá wà nídìí agbada? Bí ibà bá kọlu ọ̀kan lóru, ìwọ wà ní ìgboro. Ìyá yẹn ló máa jí.

Ìrẹsì àti ẹran, o pè é ní ìnákúnàá. Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ọmọ tó ti ń jẹ láfún àti ewédú láìrí ẹran láti oṣù dé oṣù jẹ ẹran lọ́jọ́ kan, ó wá di ẹjọ́? Ní ti àgbébọ̀ méjì yẹn, inú mi dùn sí wọn gan-an. Lọ́jọ́ tí tíṣà bá ní kí ọmọ mú ìwé wá tí owó kò sí nílé, ọmọ adìyẹ wọ̀nyẹn ló máa lọ ọjà.

Kì í ṣe àbúrò rẹ nìkan ló ń náwó báyìí. Ní Rarieda, ní ìwọ̀ oòrùn Kẹ́ńyà, àjọ kan tó ń jẹ́ GiveDirectly fi owó ránṣẹ́ sí fóònù àwọn ìdílé tálákà ní abúlé, wọn kò so nǹkan kan mọ́ ọn. Àwọn olùwádìí méjì, Johannes Haushofer àti Jeremy Shapiro, tọpa owó náà, wọ́n sì tẹ àbọ̀ ìwádìí wọn jáde lọ́dún 2016. Oúnjẹ pọ̀ sí i nílé wọn, ẹran ọ̀sìn pọ̀ sí i, ọkàn wọn balẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Owó ọtí àti sìgá kò lé sí i. Àwọn olùwádìí mìíràn, David Evans àti Anna Popova, tún kó ìwádìí 19 jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè lórí ọ̀rọ̀ ọtí àti sìgá yìí, ohun kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde níbi gbogbo. Nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ní tálákà kò mọ owó ná, inú máa ń bí mi.

Jẹ́ n sọ ti ìyá mi fún ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin máa ń fi owó ránṣẹ́ láti Èkó, lẹ́tà á sì bá owó wá: èyí fún páànù, èyí fún irúgbìn, má fi èyí ṣe nǹkan mìíràn. Lọ́dún kan, owó páànù bá àìsàn àbúrò mi nílé. Ìyá mi fi tọ́jú ọmọ. Èmi ni mo mọ̀wé kọ, torí náà èmi ló ní kí n kọ ọ́ sí Èkó pé a ti kan páànù. Òjò ń jò sórí ìwé bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ. Ìyá mi kì í purọ́. Owó tí àṣẹ wà lára rẹ̀ ló kọ́ ọ ní irọ́. Mi ò fẹ́ kí àbúrò rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ fún ọ.

Ohun tí ẹ̀rù rẹ ń sọ ní òótọ́ nínú: ẹ̀ẹ̀mẹta ni owó yìí, ₦75,000 lápapọ̀, kò lè sọ ẹnikẹ́ni di ọlọ́rọ̀. Bá a sọ ọ́ bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń bá àbúrò sọ̀rọ̀. Ní Kẹ́ńyà yẹn, àwọn tó ń gba owó lóṣooṣù jẹun kánú ju àwọn yòókù lọ, àwọn tó gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló ra ohun ńlá bíi páànù. Nítorí náà bi í léèrè bóyá ó fẹ́ da díẹ̀ nínú rẹ̀ sí èésú pẹ̀lú àwọn obìnrin ìdí agbada, kó lè kó o lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ní rárá, gbà bẹ́ẹ̀.

O ní ọkọ rẹ̀ ń sọ kiri pé o ń jẹ owó àwọn. Bẹ òun náà. O fún un ní ohun tó ń sọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, mú káàdì náà lọ sí abúlé. Bó bá ti ní fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, kí ẹ jọ lọ báńkì fi nọ́ńbà tirẹ̀ rọ́pò tìrẹ, kí álẹ́ẹ̀tì máa wọ ọwọ́ rẹ̀ tààrà. Kó yí nọ́ńbà àṣírí káàdì padà níṣojú rẹ, kí o sì wo ibòmíràn nígbà tó bá ń tẹ̀ ẹ́. Kọ́ ọ pé kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún oní-POS, kò sì gbọ́dọ̀ san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè bá a fa owó ẹlẹ́ẹ̀kẹta yá. Bó bá gbé láfún kalẹ̀ fún ọ, fọ ọwọ́ kí o jẹun.