Ewé wo ni kí n gbìn, ewì wo ni kí n fi kọ́ àwọn ọmọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìbàdàn ni a ń gbé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé tiwa ni. Àyè díẹ̀ wà níwájú, nǹkan bí ìdajì púlọ́ọ̀tì sì ṣófo lẹ́yìn. Igi gọ̀gọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní masquerade ni gbogbo àdúgbò gbìn, àmọ́ ewé ilẹ̀ wa ló wù mí, kí àwọn ọmọ mi, ọmọ ọdún 7 àti 10, mọ orúkọ wọn àti ewì tí àwọn àgbà ń ké sí wọn. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé gan-an, mà. Iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mò ń ṣe, inú mi sì dùn pé ẹ so méjèèjì pọ̀. Ọmọ tó bá mọ ewì ewé kan kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àdá bẹ́ ẹ dànù. Àwọn tó kọ́kọ́ ké ewì wọ̀nyẹn ti wo ewé náà tinú tẹ̀yìn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ewì tọ́ yín sọ́nà.

Ẹ fi pèrègún bẹ̀rẹ̀ níwájú ilé. Òun ni àwọn àgbà fi ń pààlà ilẹ̀, torí kì í tètè kú, bẹ́ẹ̀ ni ewé rẹ̀ ń tutù yọ̀yọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ gé ọ̀pá rẹ̀ tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ẹ gbé e sí ibòji ọjọ́ kan tàbí méjì kí ojú ibi tí ẹ gé gbẹ, kí ẹ tó rì í mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe dorí rẹ̀ kodò o.

Odúndún ló kàn. Wọ́n máa ń fi í tọrọ ìtura nínú ìwúre. Ẹ ní kí ọmọ já ewé kan kó ṣẹ́ ẹ sí méjì: yóò rí bó ṣe nípọn, yóò rí omi tó ń sun nínú rẹ̀. Nígbà náà ni ìwúre yẹn yóò yé e. Torí omi yẹn náà ni ẹ kò ṣe gbọ́dọ̀ máa bu omi sí i lójoojúmọ́, yóò jẹrà.

Ẹ fi ewúro kún un, àmọ́ ẹ má ṣe já gbogbo rẹ̀ sọ́bẹ̀. Ẹ fi ẹ̀ka kan sílẹ̀ kó tanná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí oyin rí nǹkan jẹ. Ẹ ní kí àwọn ọmọ jókòó tì í, kí wọ́n sì ké ohun tí wọ́n rí, bí irú èyí:

Ewúro akorò-má-bínú,
Òdòdó funfun tí oyin ń yà kí.

Kì í ṣe gbogbo ewé inú ọfọ̀ ló ti ilẹ̀ wa ṣẹ̀ o. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni rinrin ti wá, ibẹ̀ náà ni àgbàdo ti wá, a sì ti gbà wọ́n tọ́. Èyí tí mo ní kí ẹ fà tu ni ewé Akíntọ́lá, tí àwọn kan ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀. Amẹ́ríkà ni òun náà ti wá, àmọ́ kì í jẹ́ kí ewé mìíràn rímú mí. Ẹ fà á tu kó tó tanná nínú ẹ̀ẹ̀rùn, torí afẹ́fẹ́ ló ń gbé irúgbìn rẹ̀ kiri.

Ẹ̀yìnkùlé yín ló wà lọ́kàn mi jù. Gbogbo wa la mọ ìwúre yìí:

Ọdọọdún là ń rí orógbó,
Ọdọọdún là ń rí awùsá,
Ọdọọdún là ń rí ọmọ obì lórí àtẹ.

Ṣùgbọ́n ta ló ń gbin orógbó? Púpọ̀ nínú èyí tó ń dé ọjà, igi inú igbó ló so ó. Wọ́n ń gé igi àti gbòǹgbò rẹ̀ ṣe pákò, wọ́n sì ń pa igbó tó ń hù sí run. Àwọn onímọ̀ ti kà á mọ́ igi tó wà nínú ewu. Bí a kò bá gbìn ín, irọ́ ni ìwúre yẹn máa dà lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Ó dùn mí gan-an.

Ẹ gbin ẹyọ kan péré, kó jìnnà sí ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà 20. Bí ẹ bá fẹ́ fi kóró gbìn ín, tútù ni kó jẹ́. Ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ṣì lè pẹ́ lóṣù mélòó kan kó tó hù, nítorí náà ọ̀gbìn tó ti hù ló rọrùn jù. Ẹ béèrè ní FRIN, ilé ìwádìí nípa igbó tó wà ní Jẹ́ríkò níbẹ̀ nílùú yín. Oṣù kẹrin sí ìkẹfà, tí òjò ti ń rọ̀ déédéé, ni kí ẹ gbìn ín. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó, torí kì í fẹ́ oòrùn gangan ní kékeré. Ó lè tó ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó so. Èyí àbúrò yóò ti pé ọmọ ọdún 17 nígbà náà, nítorí náà òun ni kí ẹ fún lómi rẹ̀ bù.