Ìbéèrè Yín Lórí Kọ̀ǹpútà: Windows 10 Ti Kógbá Sílé, Ṣé Linux Ló Kàn?

Ẹ kú iṣẹ́ o. HP EliteBook 840 G3 ni mo fi ń tẹ̀wé fún àwọn oníbàárà, RAM rẹ̀ jẹ́ 8GB. Ó ní Windows 11 kò lè wọ òun. Àwọn kan ní kí n gbé Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, sí i, àwọn kan ní iṣẹ́ mi yóò bàjẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? (Ìbàdàn)

Òótọ́ ni ẹ̀rọ yín sọ. Ọpọlọ (processor) Intel ìran kẹfà ló wà nínú 840 G3. Ìran kẹjọ sókè ni Windows 11 ń béèrè, pẹ̀lú TPM 2.0 (ẹ̀yà kékeré tó ń pa àṣírí ẹ̀rọ mọ́). Láti 14 oṣù Kẹwàá 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró fún Windows 10. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà yóò kú o, àmọ́ bí ẹ kò bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àtúnṣe Microsoft (ESU), Microsoft kò ní máa dí ihò tí àwọn olè bá tún rí nínú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo ohun tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ Word, Excel àti Chrome nìkan ni, Linux Mint (ọ̀kan lára àwọn oríṣi Linux) tó yín: LibreOffice ló máa ń rọ́pò Word àti Excel níbẹ̀. Bó bá jẹ́ CorelDRAW tàbí Photoshop ló ń mówó wọlé, ẹ má kúrò lórí Windows: wọn kò ṣe é fún Linux, Wine, tó ń jẹ́ kí ètò Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux, kì í sì í sábà gbé wọn dáadáa. Ẹ lè fi méjèèjì sórí ẹ̀rọ kan náà, kí ẹ má sì jẹ́ kí apá Windows kan íntánẹ́ẹ̀tì mọ́.

Ẹ fi Rufus (ètò Windows tó ń sọ fláàṣì di ohun tí ẹ̀rọ lè fi tan) gbé Mint sórí fláàṣì 8GB, ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ máa tẹ F9, kí ẹ yan fláàṣì náà. Mint yóò ṣí láìfọwọ́ kan ohunkóhun tó wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ dán Wi-Fi wò, ẹ gbọ́ ohùn, kí ẹ sì tẹ ojú ìwé kan jáde ní tòótọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé HP kì í sábà yọni lẹ́nu. Àwọn Canon LBP àtijọ́ ló máa ń ṣagídí.

Bí ẹ bá fẹ́ fi méjèèjì sí i, ẹ kó fáìlì yín sórí dísìkì mìíràn ná. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí Administrator, kí ẹ tẹ `powercfg /h off`. Ẹni tó bá fo èyí ló máa ń pariwo pé Linux kọ̀ láti fi fáìlì pamọ́ sí apá Windows. Ohun tó fà á ni pé Windows kì í kú tán bí ẹ bá pa á. Linux á rí i pé dísìkì náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, á sì jẹ́ kí ẹ kà á láìjẹ́ kí ẹ kọ nǹkan sí i.

Ìwé ojú ewé 40 tí oníbàárà mú wá di 43 nínú LibreOffice. Kí ló fà á?

Fọ́ńtì ni. Mint kì í kó Calibri àti Cambria wá. Ẹ gbé `fonts-crosextra-carlito` àti `fonts-crosextra-caladea` sí i: lẹ́tà wọn fẹ̀ bákan náà pẹ̀lú ti Calibri àti Cambria, ìlà á sì padà sípò. Ẹ ní kí oníbàárà fi PDF ránṣẹ́ bó bá jẹ́ títẹ̀jáde lásán ni.

Ẹ̀yin tó ń tẹ Yorùbá, ẹ wo «ọ̀» dáadáa nínú fọ́ńtì tuntun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí kóòdù kan ṣoṣo fún un. Ọ àti àmì ohùn ni kọ̀ǹpútà ń tò pọ̀, fọ́ńtì tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bọ́tìnnì Yorùbá sì wà nínú Linux lábẹ́ Nigeria, nínú àwọn Layout.

Wọ́n ní páténtì Microsoft wà nínú Linux. Ṣé wọn kò ní mú mi?

Ẹ fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò mú yín torí pé ẹ ń lo Mint. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ tà ni ẹjọ́ páténtì sábà máa ń kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àhesọ. Ohun tí ẹnìkan kọ ni ẹ̀tọ́ àdàkọ ń dáàbò bò. Páténtì ń dáàbò bo ọ̀nà tí nǹkan gbà ń ṣiṣẹ́, tó fi jẹ́ pé ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ tirẹ̀ lè tẹ òfin lójú. Ìyẹn la fi gbà pé páténtì lórí sọ́fítíwíà ń ṣèpalára.

Ní oṣù Kejì 2009, Microsoft pe TomTom ti Netherlands lẹ́jọ́. Ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà fún awakọ̀ ni TomTom ń ṣe, Linux ló sì wà nínú wọn. Lára ẹ̀sùn náà ni bí FAT, ètò ìtò fáìlì tó wà lórí ọ̀pọ̀ fláàṣì, ṣe ń tọ́jú orúkọ fáìlì gígùn pọ̀ mọ́ orúkọ kúkúrú oní-lẹ́tà mẹ́jọ. Ní oṣù Kẹta, TomTom sanwó, ó sì gbà láti yọ ìyẹn kúrò.

exFAT náà kò yàtọ̀, òun ló wà lórí káàdì SD tó ju 32GB lọ. Oṣù Kẹjọ 2019 ni Microsoft tó tẹ àlàyé rẹ̀ síta tó sì fọwọ́ sí i pé kó wọ Linux; kernel (ọkàn Linux) 5.4 ló gbà á wọlé. Bí Linux àtijọ́ bá kọ káàdì 64GB yín, ẹ gbé `exfat-fuse` sí i.

MP3 ti bọ́ nínú wàhálà páténtì yìí láti oṣù Kẹrin 2017. Fídíò H.265 tí iPhone ń yà ló kù. Windows fúnra rẹ̀ lè ní kí ẹ san sẹ́ńtì 99 kí ó tó ṣí i. Lórí Mint, ẹ fàmì sí «Install multimedia codecs» nígbà tí ẹ bá ń gbé e sí ẹ̀rọ. Lórí Windows, VLC (ètò tó ń ṣí fídíò) máa ń ṣí i láìgba kọ́bọ̀.