Àbúrò mi, má ta ilẹ̀ bàbá ẹ torí slot

Àbúrò tó kọ̀wé lálẹ́ àná, mo ti ka ọ̀rọ̀ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta. O ní o máa pé ọgbọ̀n ọdún lọ́dún tó ń bọ̀, o sìnlú tán ní 2023, o ń ṣe tíṣà l'Ádó wọ́n ń san ₦35,000 fún ẹ, àwọn tẹ́ ẹ jọ ka Economics ti gbéyàwó, ọ̀kan ti wà ní Kánádà, òmíì ti ra mọ́tò, ẹ̀gbọ́n kan wá ní kó o mú mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ wá kóun fi ra àyè iṣẹ́ ìjọba fún ẹ l'Ábújá, ìyẹn tí wọ́n ń pè ní slot, ìwọ náà wá ń bi wá bóyá kó o ta pulọ́ọ̀tì méjì tí bàbá ẹ fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà Àfàò. Jọ̀ọ́, má tíì fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ka tèmi ná.

Ọmọ Ìsẹ̀ ni mí. JAMB, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ṣe é kí n tó rí Accounting gbà, 2009 nìyẹn, mo ti pé ọdún 26. Ó yẹ kí n jáde ní 2013 ṣùgbọ́n ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù keje, wọn ò padà títí di December, carryover kan, ìdánwò tí mo feelì tí mo ní láti tún ṣe, tún wà lọ́rùn mi, bẹ́ẹ̀ ló ṣe di 2014, mo ti di ọmọ ọdún 31. Ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lọ́jọ́ tó jáde, kò sí ìsìnlú fún un mọ́, lẹ́tà pé wọ́n yọ̀ǹda ẹ ni wọ́n máa fún un. Níwájú òfin, lẹ́tà yẹn tó sátífíkéètì àwọn tó sìn. Ṣùgbọ́n ta ló ń wo òfin láàárín ẹbí? Àǹtí mi kan bi mí níbi òkú pé “Ìwọ, kí ló dé tí a ò rí fọ́tò kàkí tìẹ?” mo kàn sọ pé mo ń bọ̀, mo lọ jókòó sẹ́yìn ilé.

Kámpù àwọn àgùnbánirọ̀ Èkìtì, ọ̀dọ̀ wa níbẹ̀ náà ló wà, láàárín Ìsẹ̀ àti Emùré. Ọdún tí mo gba lẹ́tà yẹn, mò ń ta píọ̀ wọ́tà nítòsí géètì. Àwọn ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́jọ jù lọ máa ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú àpótí lórí, lọ́jọ́ kejì wọ́n á ti wọ funfun látòkè délẹ̀, wọ́n á máa pè mí ní “màmá oníwọ́tà”. Wọn ò bú mi, ọmọ dáadáa ni wọ́n. Èmi ni mo ń gbọ́ ọ bíi pé wọ́n ń ka ọjọ́ orí mi sí mi létí. Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀, mo kàn fẹ́ sáré bá ẹgbẹ́ mi lọ́nàkọnà.

Ìpolówó iṣẹ́ báǹkì tí mo bá rí, wọ́n á ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó ju 26 má wulẹ̀ yọjú. Ọdún yẹn kan náà, 15 March 2014, ni àwọn Immigration ní kí àwọn tó ń wáṣẹ́ wá ṣèdánwò ní pápá ìṣeré káàkiri, ẹnì kọ̀ọ̀kan ti san ₦1,000 kó tó forúkọ sílẹ̀, èrò wá pọ̀ jù, wọ́n tẹ ara wọn pa l'Ábújá àti níbòmíì. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò, mo ní nínú ara mi pé iṣẹ́ ìjọba ò sí fún ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, pé ẹni tó mọ èèyàn nìkan ló ń rí i. Irú ẹni tó ń ronú báyìí ni àwọn ẹlẹ́tàn máa ń wá kiri.

Èyí tó rí mi, ṣọ́ọ̀ṣì la ti mọra. Ó ní ₦400,000, oṣù mẹ́ta péré, ipò kẹjọ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Owó oṣù tó kéré jù nígbà yẹn ₦18,000 ni, ìyẹn ni pé owó oṣù méjìlélógún ló ní kí n kó wá lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ṣírò ẹ̀ nígbà náà o, èmi tí mo ka Accounting. Mọ́mì mi lọ fi oko kòkó bàbá mi dógò lọ́dọ̀ bàbá kan ládùúgbò, kí bàbá yẹn máa ká a títí a ó fi rí owó ẹ̀ dá padà. Ó kó owó yẹn sínú nylon dúdú, ó fi ìró wé e, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ nínú yàrá pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì, ó dẹ̀ di ọwọ́ mi mú fúngbà díẹ̀ kó tó jẹ́ kí n lọ.

Lẹ́tà iṣẹ́ dé lóòótọ́. Ẹyẹ idì pupa wà lókè ẹ̀, òǹtẹ̀ wà nísàlẹ̀. Mo wọkọ̀ lọ sí Abuja, mo dé ọ́fíìsì tí wọ́n kọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Monday, ọkùnrin tó gba lẹ́tà náà wò ó, ó yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò, ó pe ẹnìkejì ẹ̀. Wọn ò fi mí ṣẹ̀sín rárá. Ó kàn sọ jẹ́jẹ́ pé nọ́ńbà fáìlì yìí kì í ṣe tiwọn, pé èmi kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ mú irú ẹ̀ wá lọ́sẹ̀ yẹn. Mo pe nọ́ńbà ẹni tó gba owó, kò lọ. Kò lọ títí dòní. Mo pe mọ́mì, mi ò lè sọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́ bí mo ṣe ń mí, wọ́n ní “Ọmọ mi, wá sí ulé.”

Ohun tí mo fẹ́ kó o mọ̀ nìyí, torí owó tó lọ yẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Oko yẹn kò jìnnà sílé wa, ọ̀nà odò la máa ń gbà kọjá lára ẹ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ń rí àwọn alágbàṣe bàbá yẹn tí wọ́n ń fi àdá fọ́ kòkó bàbá mi, wọ́n á kó o jọ, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, òórùn ẹ̀ á máa wọlé bá wa lálẹ́, òórùn kan náà tó máa ń wà lára aṣọ bàbá mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a ò dẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan hóró kan níbẹ̀. Mọ́mì máa ń kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́. Mọ́mì ò bá mi wí lọ́jọ́ kankan. Ká ní wọ́n bá mi wí ni, ì bá sàn.

Ilẹ̀ tìẹ gan-an, títà ni, kì í ṣe ìdógò. Èmi ṣì ní ohun tí mo lè rà padà.

Wò ó, ₦1,500,000 nínú ₦35,000, oṣù 43 ni, bó ò bá tiẹ̀ jẹun. Ká sòótọ́, iléèwé yẹn ń rẹ́ ẹ jẹ, ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù láti 2024. Wá iléèwé míì, ìyẹn mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wá a, àwọn fúnra wọn ló máa ń kéde ẹ̀. Ọ̀rọ̀ pé wọ́n ń ta iṣẹ́ ti le débi pé ilé aṣòfin gbé ìgbìmọ̀ dìde lórí ẹ̀ l'Ábújá ní 2023, ẹni tó ń sanwó fún slot gan-an lè rí ara ẹ̀ níwájú ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́. Ọgbọ̀n ọdún tó ń bà ẹ́ lẹ́rù yẹn ńkọ́? Òfin iṣẹ́ ìjọba ní ẹni tí kò tíì ju 50 lọ ṣì lè wọlé, ọdún 60 tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ la dẹ̀ ń fẹ̀yìn tì. Ti tíṣà tún gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin tí Buhari fọwọ́ sí ní 2022 sún un sí 65 tàbí ọdún 40. Níbo lo ti pẹ́?

Nígbà tí mo dé láti Abuja, oṣù méjì ni mi ò fi jáde. Lẹ́yìn náà ni ìyá kan tó ń ta páànù l'Ádó ní kí n wá bá òun wo ìwé gbèsè òun, pé àwọn oníbàárà ń jẹ òun lówó. Ìwé náà kì í ṣe ìwé, ẹ̀yìn páálí ni, pẹ̀lú bébà sìgá àti ògiri tí wọ́n fi ẹfun kọ nǹkan sí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tò ó. A rí ₦217,000 tí ìyá náà ti gbàgbé, mo ṣì rántí iye yẹn torí ó pariwo, ó gbá mi mọ́ra láàárín ọjà. Ó ń fún mi ní ₦3,000 lóṣù, ó mú mi lọ bá onísìmẹ́ǹtì, onísìmẹ́ǹtì mú mi lọ sí sọ́ọ̀mílì, ó di ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà. N-Power, ètò ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́, tún mú mi lọ́dún 2016, ₦30,000 lóṣù, ìyẹn ni mo fi ń san owó ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akáwùńtáǹtì, mo feelì, mo tún padà, mo parí ẹ̀ ní 2021. Ọmọ ọdún 38. Ọmọdébìnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ ìdánwò tó kẹ́yìn kò tíì ju 22 lọ, àwa méjèèjì la yege.

2019 la gba oko padà. Mo kó owó náà fún bàbá yẹn níwájú mọ́mì mi, ó kà á, ó ní ó pé, ló bá tán.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó tó o sọ, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Èmi náà ti ra aṣọ ẹbí tí mi ò lówó ẹ̀, mo ti fẹ́ gba ẹnì kan ní ọdún 32 torí kẹ́nu àwọn èèyàn lè pa mọ́, Ọlọ́run ló yọ mí. Ọdún 36 ni mo lọ́kọ, ọmọ méjì ló wà nílẹ̀ báyìí. Bó o bá ní ẹni tó o fẹ́, sọ iye tó ń wọlé fún ẹ fún un gan-an, má fi kún un, kó o wo ojú ẹ̀. Ti ọ̀rẹ́ ẹ tó wà ní Kánádà, bá a yọ̀. O ò mọ ohun tí wọ́n tà nílé kó tó débẹ̀.

Tó o bá fẹ́ràn iṣẹ́ tíṣà lóòótọ́, lọ ṣe PGDE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tíṣà tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn dìgírì, kó o lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn tíṣà sílẹ̀, torí Economics nìkan kò ní tó ẹ tí ìjọba bá ní kí àwọn tíṣà wá. Ẹ̀rí tó o máa fi dúró nìyẹn.

Tí ẹ̀gbọ́n yẹn bá tún pè ẹ́, sọ fún un pé ilẹ̀ ò sí fún títà. Lọ́jọ́ Saturday, ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà mi ní Ọjà Ọba ni mo máa ń wà láti aago mẹ́sàn-án, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n júwe ibẹ̀ fún ẹ. Mú ìwé aláwẹ́ 60 kan àti rúlà dání. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù ẹran dídì kan ń wá ẹni tó máa bá òun tọ́jú ìwé owó, mi ò ráàyè mọ́, mo lè kọ́ ẹ bá a ṣe ń ṣe é lọ́jọ́ méjì.