Dọ́là mẹ́wàá, ayò bọ́ọ̀lù, àti owó ilé ìwòsàn: ìbéèrè láti Columbus

ÌBÉÈRÈ: Àsàláámù aléékúmù ẹ̀yin àlùfáà wa. Columbus ní Ohio ni mo wà, mò ń kàwé mo sì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní yunifásítì. Gbogbo ìparí oṣù kọkànlá ni yunifásítì Ohio State àti ti Michigan máa ń pàdé, bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n máa ń gbá mọ́ àyà sá yẹn, gbogbo ìlú ló máa ń dàrú. Ní ọ́fíìsì wa wọ́n á lẹ ìwé kan mọ́ ara fíríìjì, èèyàn á kọ orúkọ ẹ̀ àti iye ayò tó rò pé wọ́n máa jẹ, á fi dọ́là 10 sínú àpòòwé. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù lọ á gba ìdajì, ìdajì tó kù á lọ fún ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Lọ́dún 2024 àwa 17 la kọ orúkọ, èmi kọ Michigan 14, Ohio State 10, èmi ni mo sì jẹ, wọ́n kó dọ́là 85 fún mi. Ìyàwó mi ní tẹ́tẹ́ ni, èmi ní sàráà ni. Wọ́n tún ti fẹ́ lẹ ìwé ti ọdún yìí báyìí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa dá a.

ÌDÁHÙN: Wa aléékúmù sàláámù, ọmọ mi. Ìyàwó ẹ ló jàre. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó o kàn gbọ́ pé hàràámù ni kó o wá máa lọ, torí àánú àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn tó ṣe ẹ́ yẹn, nǹkan tó dáa ni, mi ò fẹ́ kó kúrò lọ́kàn ẹ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ nípa tẹ́tẹ́ tí Àlùkùránì bá wí ni pé tẹ́tẹ́ sàráà ni. Àwọn Lárúbáwá ayé àìmọ̀kan, tí òtútù bá mú tí oúnjẹ bá wọ́n, wọ́n á ra ràkúnmí, wọ́n á pa á, wọ́n á pín in, wọ́n á wá kó ọfà mẹ́wàá tí ò ní irin lẹ́nu sínú àpò awọ. Ọfà kọ̀ọ̀kan ló lórúkọ. Fadhdh ní ìpín kan, Taw'am ní méjì, ó ń gòkè bẹ́ẹ̀ títí tó fi dórí Mu'alla tó ní ìpín méje, mẹ́ta tó kù ò ní nǹkan kan nínú. Ẹnì kan á ki ọwọ́ bọ àpò, á máa fa ọfà yọ lórúkọ èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ọfà òfìfo bá já mọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n máa san owó ràkúnmí. Ẹni tó jẹ wá ńkọ́? Àwọn onítafsìrì, àwọn tó ń túmọ̀ Àlùkùránì, sọ fún wa pé kì í fi ẹnu kan ẹran yẹn, tálákà ló ń pín in fún, á sì máa fi yangàn láàárín ìlú. Ẹni tó bá ní òun ò bá wọn ta á, ahun ni wọ́n ń pè é.

Wá fi èyí wo ìwé ara fíríìjì yín. Tiwọn tiẹ̀ sàn, torí wọn kì í mú nínú ẹ̀, tiyín ń mú ìdajì. Síbẹ̀ náà, ohun tí Ọlọ́hun sọ nínú Súrátul-Baqarah, áyà 219, ni pé ẹ̀ṣẹ̀ ńlá wà nínú ọtí àti tẹ́tẹ́, àǹfààní sì wà níbẹ̀ fún àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ wọn ju àǹfààní wọn lọ. Ẹran tó dé ẹnu tálákà yẹn wà lára àǹfààní tí Ọlọ́hun ń sọ, kò sọ pé kò sí, ó rí i, ó sì dárúkọ ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún wá sọ nínú Súrátul-Má'idah, áyà 90, pé ẹ̀gbin ni, iṣẹ́ Ṣàìtánì ni, ká jìnnà sí i. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá sọ fún ẹ pé "ṣebí owó ẹ̀ ń lọ fún aláìsàn," ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́, kí áyà yìí tó sọ̀ kalẹ̀ ló ti wà.

Ẹ wò ó, èèyàn 17, dọ́là 170, 85 lọ sí ilé ìwòsàn, 85 wọ àpò ẹ. Àwọn 16 tó kù fi owó sílẹ̀, wọn ò mọ̀ bóyá àwọn á jẹ tàbí wọ́n á jẹ àwọn, ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní tẹ́tẹ́ gan-an nìyẹn. Lọ́jọ́ yẹn, bí wọ́n ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, 10 sí 10 ni wọ́n wà tí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tó kù, gbogbo èèyàn ló sì ti rò pé Michigan ò ní lè mí ní Columbus, ni wọ́n bá fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù kan gba àárín òpó, ayò mẹ́ta, ó di 13 sí 10. Bọ́ọ̀lù yẹn ló gbé owó ẹlòmíì wá bá ẹ. Jẹ́ kí n bi ẹ́, nígbà tó wọlé, ṣé ọmọ tó wà lórí ibùsùn lo rántí ni àbí àpòòwé? Má dá mi lóhùn, dá ara ẹ lóhùn.

Sàhábà tó sọ bí ìjà kan ṣe máa parí tó sì lé owó lé e wà o, Àbúbákàrì ni. Nígbà tí Súrátur-Rúm sọ̀ kalẹ̀ pé wọ́n ti ṣẹ́gun àwọn Rúùmù, àwọn ará Róòmù, ṣùgbọ́n wọ́n máa padà borí láàárín ọdún díẹ̀, àwọn Kùráéṣì ní irọ́ ni, torí ti Páṣíà ni wọ́n ń ṣe, ni Àbúbákàrì bá bá wọn fi owó ta á. Ó sì rí bí Ọlọ́hun ṣe wí. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀gbàwá Tírmísì, ọ̀kan nínú àwọn tó kó hádíìsì jọ, wọ́n sọ ọ́ kedere pé èyí ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é ní hàràámù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn yẹn mú yín.

Sísọ ayò lásán wá ńkọ́, láìsí owó? Kò sí nǹkan tó ṣe é. "Mo rò pé" kò jọ ohun tí babaláwo ń ṣe, ìwọ náà ṣáà mọ̀ pé o ò mọ ohun tí ọ̀la máa bí.

Bùkárì àti Músílímù, àwọn náà tó kó hádíìsì jọ, gba hádíìsì kan wá pé ẹni tó bá sọ fún ẹnìkejì ẹ̀ pé "wá ká ta tẹ́tẹ́," kó yáa ṣe sàráà. Ṣé ẹ rí i, pípè lásán, kò tíì ta á o, sàráà ló máa fi wẹ ẹnu ẹ̀. Sàráà ni oògùn ẹ̀, a ò wá lè sọ oògùn di ohun tá a fi ń wá àìsàn. Sufyan ath-Thawri, onímọ̀ ẹ̀sìn ayé àtijọ́, ní ẹni tó ń ná owó hàràámù sí ọ̀nà Ọlọ́hun dà bí ẹni tó ń fi ìtọ̀ fọ aṣọ tó dọ̀tí.

Àwa tá a wà nílé náà kì í ṣe pé a mọ́ o. Mo ti jókòó ní mọ́sáláṣí kan tí wọ́n ń ta ráfù kí wọ́n lè fi ra síléètì òrùlé, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ kalẹ̀ pé ẹni tó bá mú ńọ́ńbà báyìí ló ni ín, níwájú mínbárì. Mo sọ̀rọ̀, wọ́n ní mo le jù. Ó dùn mí títí dòní.

Ohun tí wàá ṣe nìyí. Lọ bá ẹni tó ń gba owó, fún un ní dọ́là 10 ẹ, 20 pàápàá tó bá wà lọ́wọ́ ẹ, sọ pé gbogbo ẹ̀ fún àwọn ọmọ ni, kó má kọ ayò kankan síwájú orúkọ ẹ. Wọn ò ní bínú. Tó o bá sì fẹ́ kí bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀ dandan, o lè sọ pé ayò kọ̀ọ̀kan tí Ohio State bá jẹ, màá fún ilé ìwòsàn ní dọ́là kan, ìyẹn ò sí nínú tẹ́tẹ́ torí kò sẹ́ni tó ń jẹ owó ẹnikẹ́ni, kàn má sọ ọ́ di ẹ̀jẹ́, Ànábì wa (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a) ní ẹ̀jẹ́ kì í mú nǹkan wá ju pé ó ń gbowó lọ́wọ́ ahun lọ. Mo tún gbọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iléèwé méjèèjì máa ń bára wọn díje kí bọ́ọ̀lù yẹn tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fún àwọn aláìsàn, iléèwé tí ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ bá pọ̀ jù ló borí. Tí ara ẹ bá gbà á, lọ síbẹ̀.

Ti dọ́là 85 yẹn, o ò mọ̀ nígbà yẹn, Ọlọ́hun ni aláforíjìn, ṣe túúbá. Yọ iye ẹ̀ nínú owó ẹ, gbé e fún aláìní tàbí fún ilé ìwòsàn yẹn náà, má retí láádá lórí ẹ̀, ńṣe lò ń fi fọ ọwọ́. Tó o bá ti ná an, kó o máa san án díẹ̀díẹ̀.