Ta ló kọ́kọ́ lé ta?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ń bi mí ìdí tí a fi ń pe báàgì onílà yẹn ní "Ghana Must Go". Ṣé àwa la kọ́kọ́ lé wọn ni, àbí àwọn ló lé wa?
Ìyá Bọ̀dé

Ìdáhùn: Àwọn ni, Ìyá Bọ̀dé. Ní November 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gbà á tàbí kí wọ́n kúrò nílùú. Yorùbá oníṣòwò pọ̀ nínú wọn. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi tì ní Kùmásí wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí tó fi kú. Kò jẹ́ ká jù ú nù. Ní January 1983, ìjọba Ṣàgàrí lé tiwọn náà. Inú báàgì yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn kó ẹrù sí, lorúkọ bá mọ́ ọn lára. Bẹ́ẹ̀, láti 1979 ni àdéhùn ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti wà, tó gba ọmọ ìlú kan láyè láti wọ ìkejì fún 90 ọjọ́ láìgba físà!