Kí ni SC àti ST nínú àkọsílẹ̀ iye ará abúlé ní Íńdíà?

Ìbéèrè: Mo rí àkọsílẹ̀ iye èèyàn abúlé kan ní Íńdíà. Wọ́n ka ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé tán, wọ́n wá kọ iye àwọn tó jẹ́ SC àti ST. Ṣé ẹ̀yà ni, àbí ẹ̀sìn?

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ìkékúrú ni méjèèjì: Scheduled Castes àti Scheduled Tribes, àwọn àwùjọ tí ìjọba Íńdíà to orúkọ wọn sínú ìwé kí òfin lè dáàbò bò wọ́n. Nínú ìkànìyàn 2011, SC tó bíi 17 nínú èèyàn 100, ST sì tó bíi 9. ST ni àwọn bíi Gond, Santal àti Bhil, tí púpọ̀ nínú wọn ń gbé nínú igbó àti lórí òkè. Ọ̀rọ̀ SC ló gùn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ jāti. Ìbí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìbí yìí ló ń sọ iṣẹ́ ìdílé ẹni, ẹni téèyàn lè fẹ́, àti ẹni tí wọ́n jọ lè jẹun. Ẹ lè fẹ́ fi wé ìdílé Àyàn tàbí ti alágbẹ̀dẹ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀: ọmọ Àyàn lè fẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé ó ba omi jẹ́.

Lórí omi gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn tí iṣẹ́ awọ, gbígbé òkú ẹran àti ilẹ̀ gbígbá já lé léjìká ni wọ́n pè ní aláìmọ́; àwọn ni òfin wá ń pè ní SC. Ẹ̀yìn abúlé ni ilé wọn máa ń wà, ní ọ̀pọ̀ ibi títí dòní. Láyé àtijọ́, wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kànga. Obìnrin á gbé ìkòkò òfìfo dúró lókèèrè, á máa retí kí ẹnì kan tí jāti rẹ̀ ga ṣàánú, kó bu omi sí i fún un.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1927, B. R. Ambedkar, ọmọ jāti Mahar, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n pè ní aláìmọ́, kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lọ sí adágún Chavdar nílùú Mahad. Àṣẹ ti wà nílẹ̀ pé gbogbo èèyàn ló lómi náà, ẹran ọ̀sìn pàápàá sì ń mu níbẹ̀. Ambedkar bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ bu omi, ó mu ún. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, àwọn jāti òkè da ìgbẹ́ màlúù, ìtọ̀ màlúù àti wàrà sínú adágún náà, wọ́n ní àwọn ń sọ ọ́ di mímọ́. Ó ń dùn mí nígbàkigbà tí mo bá rántí rẹ̀.

Ambedkar yìí náà ló wá ṣe alága ìgbìmọ̀ tó kọ ìwé òfin Íńdíà. Abala 17 inú rẹ̀ fòpin sí pípe ẹnikẹ́ni ní aláìmọ́, láti 1950. Lónìí, Dalit ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn SC ń pe ara wọn, ìyẹn àwọn tí wọ́n tẹ̀ fọ́.

Ní ti ẹ̀sìn tí ẹ béèrè, Híńdù, Sikh àti ẹlẹ́sìn Búdà nìkan ni òfin ń kà sí SC. Ìdílé tó bá ti di Kírísítẹ́nì tàbí Mùsùlùmí kò sí nínú iye yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn abúlé kan náà ni ilé wọn ṣì wà.