Èépá funfun ní ìgúnpá ọkọ mi: ṣé ẹ̀tẹ̀ ni?

Ìbéèrè, láti Kétu ní Benin: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ọkọ mi ní èépá funfun ní ìgúnpá, orúnkún àti orí. Ó ń bó wẹ́wẹ́, ọrùn èwù dúdú rẹ̀ a máa funfun. Àwọn ará ilé ní ẹ̀tẹ̀ ni, wọn ò bá a jẹun mọ́. Àwọn mìíràn ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló dọ̀tí. Kírìímù tá a rà lọ́jà mú un lọ. Bó ṣe tán, ó padà ju ti tẹ́lẹ̀. Kí la máa ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá. Bẹ́ ẹ ṣe ròyìn rẹ̀ yìí, ó jọ psoriasis, àìsàn awọ kan. Kì í ràn. Kí wọ́n bá a jẹun.

Ojú ẹ̀tẹ̀ sábà máa ń kú ni: bí ẹ fi òwú tọ́ ọ, ẹni náà ò ní mọ̀. Psoriasis ń yún èèyàn. Tí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ibùdó àyẹ̀wò ẹ̀tẹ̀ wà ní Pobẹ̀, oògùn ẹ̀tẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́. (Ìwé òyìnbó ní psoriasis ń pọ́n. Lára tiwa, ó máa ń ṣú, òun ló fà á tí ọ̀pọ̀ kì í fi tètè dá a mọ̀.)

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò dọ̀tí. Àwọn ọmọ ogun ara ló ń jà níbi tí kò sí ọ̀tá. Sẹ́ẹ̀lì kan nínú awọ á tú interleukin-23 jáde, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ìyẹn á ta sẹ́ẹ̀lì mìíràn jí, òun náà á tú interleukin-17 sílẹ̀. Iṣẹ́ interleukin-17 yìí ni láti gba awọ lọ́wọ́ kòkòrò àìsàn. Tó bá ti pọ̀ jù, ṣe ló ń lé awọ ní eré. Awọ tó yẹ kó lo bí oṣù kan kó tó gòkè, á dé òkè láàárín ọjọ́ 3 sí 5, láìtíì gbó. Òun ló ń kó jọ di èépá. Awọ tí wọ́n ń lé náà á tún máa ránṣẹ́ pe ọmọ ogun sí i, ìjà ò ní tán.

Nítorí náà, ẹ fi kànrìnkàn sílẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá ha bó, òmíì lè hù síbẹ̀. Òrí ni kó máa fi para lẹ́yìn ìwẹ̀, kí omi tó gbẹ tán.

Ní ti kírìímù yẹn, mo fura sí clobetasol, èyí tí wọ́n fi ń bóra. Oògùn gidi ni lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Àmọ́ téèyàn bá lò ó pẹ́, awọ á fẹ́lẹ́. Tó bá sì já a lójijì, ìjà á tún ru sókè.

Ẹ lọ rí dókítà awọ, kẹ́ ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò dání, torí propranolol tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti chloroquine lè dá kún un. Kò sí oògùn tó ń fa psoriasis tu pátápátá, ṣùgbọ́n ó ṣeé kápá. Láti 2015 ni abẹ́rẹ́ tó ń dí interleukin-17 lọ́wọ́ ti wà, owó rẹ̀ ló ga. Ẹ bi ọkọ yín bóyá oríkèé ìka rẹ̀ máa ń le tàbí dùn ún láàárọ̀. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má jẹ́ kó di oṣù tó ń bọ̀, torí ìjà náà lè ba oríkèé jẹ́.